Àwẹ̀ró Tí Ó Gba Idà Lọ́wọ́ Ogun Ògìdìmọ̀

Ní ọdún tí ogun Ògìdìmọ̀ yí ìlú Òkè-Ayín ká, kò sí ẹnikẹ́ni nínú ìlú náà tí ó sá. Kì í ṣe pé ogun bá wọn lójijì. Wọ́n ti gbọ́ pé ó ń bọ̀. Àwọn ará oko ti sáré kọjá lọ lójú wọn, ẹrù lórí, ọmọ lẹ́yìn, wọ́n sì ti kígbe sí wọn pé, “Ẹ̀yin ará Òkè-Ayín, ogun dé o! Kí lẹ ń dúró ṣe?” Èsì tí àwọn ará Òkè-Ayín fún wọn wà lẹ́nu àwọn òpìtàn títí di òní olónìí. Wọ́n ní, “Iná wà nídìí ìléru.” Ìlú ayọ́rin ni Òkè-Ayín. Ìléru ni ààrò amọ̀ gíga tí wọ́n fi ń yọ́ òkúta irin, bí wọ́n bá sì ti dáná sí i, wọn kì í fi í sílẹ̀ títí irin yóò fi jáde, bí ilé ẹni tilẹ̀ ń jó. Ilé kan ti jó rí. Ẹni tí ó ni ilé náà wà nídìí ẹwìrì, ó ń fẹ́ iná lọ ní tirẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun kó àwọn ọmọ jáde, kí wọ́n sì padà wá sọ fún òun bí ó bá ṣe parí sí.

Iná wà nídìí ìléru lóòótọ́ nígbà tí àwọn ọmọ ogun gun òkè dé. Wọ́n ti múra sílẹ̀ fún igbe, wọ́n ti múra sílẹ̀ fún ẹkún, ṣùgbọ́n wọn kò múra sílẹ̀ fún ìlú tí kò yíjú wò wọ́n. Àwọn ọkùnrin ń fẹ́ ẹwìrì. Àwọn obìnrin ń ṣan òkúta irin nínú odò. Jagunjagun kan fa idà yọ, ó bú ramúramù, arúgbó kan sì fi sùúrù bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jọ̀wọ́ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pé ó dúró sójú atẹ́gùn.

Balógun wọn ni Arógundádé, ọkùnrin gàgàrà, a-jí-fi-ogun-fọnu, a-yan-lójú-ọ̀tá-bí-ẹni-ń-lọ-síbi-ìkómọ, ẹni tí a kò rí kí ó ti ojú ogun dé lọ́wọ́ òfo rí. Idà rẹ̀ pàápàá ní orúkọ. Má-bọ̀-lófo ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe ìkà ènìyàn o. Àwọn tí ó kó lẹ́rú gan-an gbà pé ọmọlúàbí ni, àfi pé iṣẹ́ tí ó yàn láàyò kò bá wọn lára mu. Ó béèrè ẹni tí ó jẹ́ olórí ìlú. Wọ́n tọ́ka sí Ògúnkànmí, Ọ̀gá Ìléru, bàbá tí èéfín ti gba ohùn lọ́rùn rẹ̀ láti ìgbà èwe. Bí Ògúnkànmí bá fẹ́ sọ̀rọ̀, etí ìyàwó rẹ̀ ni yóò sọ ọ́ sí, ìyàwó náà ni yóò sì sọ ọ́ fún aráyé.

Ìyàwó náà ni Àwẹ̀ró, ẹni tí ìtàn yìí jẹ́ tirẹ̀: Àwẹ̀ró afọ̀kúta-títí-ó-di-ohun-ẹ̀ṣọ́, obìnrin kúkúrú tí ń dá gìrìgìrì dúró, ìyá àwọn tí ń ṣan irin lódò, a-sọ̀rọ̀-jẹ́jẹ́-kí-àgbàlagbà-ó-tún-èrò-pa. Ògúnkànmí á yọ́ ọ̀rọ̀ kékeré kan sí i létí, Àwẹ̀ró á sì sọ ọ̀rọ̀ tí ó gùn títí oúnjẹ yóò fi jinná. Àwọn kan lára àwọn òpìtàn ní ohun tí bàbá náà máa ń sọ kò ju “Omi” lọ.

“Balógun,” ni Àwẹ̀ró wí, “bàbá ní ẹ kú ìrìn. Wọ́n ní kí ẹ jókòó. Irin yóò jáde tó bá yá.”

Arógundádé jókòó. Àwọn òpìtàn kò mọ ìdí tí ó fi jókòó, òun náà kò mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí irin jáde, tí wọ́n wó ìdí ìléru, tí wọ́n fi ọ̀pá fa irin náà jáde pẹ̀lú orin, ni ó tó dìde, tí ó gbọn aṣọ rẹ̀, tí ó sì sọ ohun tí ó bá wá.

“Ẹ̀yin ará Òkè-Ayín! Ẹ fọkàn balẹ̀, n kò wá pa ẹnikẹ́ni. Bí mo bá pa yín, ṣé èékánná ni kí n wá máa fi jagun? Ọba Ògìdìmọ̀ ló rán mi. Ó ní gbogbo abúlé ìsàlẹ̀ odò yìí ń fi ọkọ́ tí ẹ rọ ro oko, wọ́n ń yó, wọn kò sì wá kí òun. Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ di ẹrù yín. Ògìdìmọ̀ lẹ ó máa gbé láti òní lọ, idà sì lẹ ó máa rọ. Nígbà tí ẹ bá rọ èyí tí ó tó, a ó lọ sí àwọn abúlé náà, a ó sì rán wọn létí bí wọ́n ṣe ń kí ọba.”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Àwẹ̀ró lára. Gbogbo ayé rẹ̀ wà ní àwọn abúlé ìsàlẹ̀ odò. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ti lọ́kọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti bí àwọn ọmọ tí ń pè é ní Ìyá Onírin. Kò sí ọkọ́ kan ní abúlé wọ̀nyẹn tí òkúta rẹ̀ kò gba ọwọ́ òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó rí i kedere pé bí Òkè-Ayín bá dé Ògìdìmọ̀, irin tí òun bá ṣan ni wọn yóò fi pa ọmọ òun. Ó wo àwọn jagunjagun, wọ́n pọ̀ bí eṣú. Ó wo àwọn ènìyàn rẹ̀, eérú bò wọ́n lójú, ẹwìrì wà lọ́wọ́ wọn. Kò sí ohun tí wọ́n lè fi jà. Gbogbo ohun tí ó lè pa ènìyàn nínú ìlú náà ni wọ́n ti tà.

Ọ̀nà àbáyọ kankan kò sí lọ́kàn rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé ó ti ní in láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó wá sí i lẹ́nu ni ohun tí yóò wá sí ẹnu ayọ́rin èyíkéyìí tí wọ́n bá ní kí ó kó ilé.

“Balógun, a gbọ́. Ta ni yóò ru ìdàrọ́?”

“Ìdàrọ́ wo?”

Àwẹ̀ró na ọwọ́ sẹ́yìn ìlú. Ìdàrọ́ ni ìgẹ̀dẹ̀gẹ́ dúdú tí ó máa ń ya kúrò lára irin nígbà tí ó bá yọ́, tí ó máa ń gan bí òkúta, tí etí rẹ̀ máa ń mú bí abẹ. Àwọn ará Òkè-Ayín ti ń dà á síbẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ó sì ti di òkìtì tí ó ga ju gbogbo òrùlé ìlú lọ.

“Ilẹ̀ gbígbá yẹn?” ni Arógundádé wí.

“Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ létí bàbá. Ara wọn kò le tó bẹ́ẹ̀.” Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó sì ṣàlàyé fún un. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ́ irin tuntun, wọ́n gbọ́dọ̀ da ìdàrọ́ àtijọ́ mọ́ òkúta kí iná tó gbà á. Bí ìyá rẹ̀ ti ṣe é nìyẹn, bí ìyá ìyá rẹ̀ ti ṣe é nìyẹn. “Ẹ kó wa lọ láìkó o, àwọn ènìyàn tí yóò kàn máa jẹ iṣu yín lásán lẹ kó.”

“Ó dáa. Ẹ bù díẹ̀ níbẹ̀.”

“Ti ìyá ta ni kí a fi sílẹ̀, Balógun?”

Arógundádé wo òkìtì náà. Ó wo obìnrin náà. Ó ń wá ẹ̀rín lójú rẹ̀, kò rí i, nítorí kò sí ńbẹ̀. Bí ẹni tí ń sọ pé iyọ̀ ń bẹ nínú ọbẹ̀ ni ó ṣe sọ ọ́. Balógun sì ronú sí ara rẹ̀: bí ó bá kó wọn délé tí irin kò jáde, òun náà ni yóò ṣàlàyé fún ọba. Ó yíjú sí àwọn ọmọ ogun rẹ̀, àwọn akọni tí ó fọ́ odi ìlú mọ́ra wọn bí ẹni fọ́ ẹ̀pà, ó ní kí wọ́n lọ wá ọparun, kí wọ́n hun agbọ̀n.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí a mọ̀ nípa ogun Ògìdìmọ̀. Wọ́n ní òfin pé jagunjagun kò gbọdọ̀ sọ ẹrù tí Balógun bá gbé lé e lórí kalẹ̀ títí Balógun yóò fi ní kí ó sọ̀ ọ́. Wọ́n sì ní òfin kejì, èyí tí ó ga ju ìyẹn lọ, pé Balógun kò gbọdọ̀ rán ọmọ ogun níṣẹ́ tí òun tìkára rẹ̀ kò lè jẹ́. Òfin méjèèjì ni ó sọ wọ́n di ẹni ìbẹ̀rù káàkiri ilẹ̀ yẹn. Kò sí ogun tí ó lè dúró dè wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣe òfin náà kò rò ó dé ibi ìdàrọ́.

Báyìí ni wọ́n ṣe gbéra ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Àwọn ayọ́rin ru ẹwìrì, ìkòkò, adìẹ àti àwọn àgbà tí kò lè rìn. Àwọn jagunjagun ru ìdàrọ́. Ẹrù tí ó wúwo bí irin, tí kò sì wúlò bí irin, ni ìdàrọ́ í ṣe. Wọ́n fi ewé ṣe òṣùká, ìdàrọ́ gé ewé. Wọ́n fi aṣọ ṣe é, ó gé aṣọ. Láìpẹ́, ó di dandan kí oníkálukú fi ọwọ́ méjèèjì di agbọ̀n mú, ibi tí wàhálà sì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nítorí idà tí ó fì sí ìbàdí ń gbá wọn lórúnkún, ọ̀kọ̀ tí wọ́n há sí abíyá ń kọ́ igi lọ́nà. Àwọn ará abúlé tí ó sá pamọ́ sínú igbó rọra yọjú. Nígbà tí wọ́n rí ogun Ògìdìmọ̀ tí ó ń rákòrò lọ pẹ̀lú ìgẹ̀dẹ̀gẹ́ lórí, ẹ̀rù kúrò lára wọn, wọ́n sì láyà.

“Ẹ kú ẹrù o!” ni obìnrin kan ké láti inú igbó. “Ọjà wo lẹ ń ná?”

Jagunjagun kan wà tí ń jẹ́ Ọdẹ́jìnmí, abara-bí-àpáta, ẹni tí ó dá ilẹ̀kùn odi gbé rí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Àwẹ̀ró ń tọ̀. Ní ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, idà rẹ̀ tún gbá a lórúnkún, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú.

“Ìyá,” ni ó wí, láìyíjú, nítorí ọrùn kò yí mọ́, “ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi di nǹkan yìí mú títí a ó fi gun òkè yìí tán.”

Àwẹ̀ró gbà á. Ó mọ irin náà bí ó ti kàn án lọ́wọ́. Ìléru ọkọ rẹ̀ ni ó ti jáde. Ó gbé e lé èjìká, ó ń rìn lọ. Wọ́n gun òkè náà tán, Ọdẹ́jìnmí kò béèrè rẹ̀. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì, kò béèrè rẹ̀. Àwẹ̀ró wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀, bí òkúta ti í yọ́, láìpariwo. Ó sún mọ́ jagunjagun tí ó wà níwájú.

“Ọmọ mi, agbọ̀n rẹ fì sápá òsì.”

“Ọ̀kọ̀ yìí ni, ìyá. Kò jẹ́ kí n gbá a mú dáadáa.”

“Áà, pẹ̀lẹ́. Irú agbọ̀n ńlá báyìí! Ta ni wọ́n ń pè ọ́ nílé? Gbé ọ̀kọ̀ náà wá.”

Ó ń lọ láti ẹnì kan sí ẹnì kejì. Ó ń kí wọn, ó ń yìn wọ́n, ó ń tún òṣùká ṣe fún wọn. Ó pe àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní, “Ẹ bá àwọn ọkùnrin yìí gbẹ́rù. Àánú wọn ń ṣe mí.”

“Àánú ta ni?” ni ọ̀kan nínú wọn wí. “Àwọn tó ń kó wa lẹ́rú?”

“Ìwọ ṣáà gbà á. Rọra gbà á. Má rẹ́rìn-ín.”

Kí oòrùn tó kan àtàrí, àwọn ẹrú ni ó ń ru idà, ọ̀kọ̀, apó àti asà, àwọn jagunjagun ni ó ń ru ilẹ̀ gbígbá. Kò sí ẹni tí ó gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pẹ̀lú ipá. Gbogbo rẹ̀ pátá, àwọn jagunjagun ni ó bẹ àwọn ẹrú kí wọ́n gbà á.

Arógundádé nìkan ni ó ṣì di idà mọ́ ìdí. Iwájú ni ó wà, kò sì bojú wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ní ẹsẹ̀ igi ńlá kan ó dúró láti jẹ́ kí wọ́n kọjá, ó sì rí ìyá arúgbó kan tí ó di ọ̀kọ̀ rù bí igi ìdáná.

“Kí ni mò ń wò yìí?” Ohùn rẹ̀ mi ewé. “Ta ló kó ohun ìjà fún ẹrú?”

Gbogbo wọn dúró. Àwẹ̀ró rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Bí Balógun bá ronú jinlẹ̀ síi díẹ̀, ọmọ òun kú nìyẹn, àwọn ọmọ ọmọ òun pẹ̀lú. Ó jáde síwájú, ó kúnlẹ̀.

“Balógun, ó tọ́ kí inú bí yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbà á padà. Ìwọ Ọdẹ́jìnmí, bọ̀ wá gba idà rẹ.” Ó gbé idà náà ga sí i. Ọdẹ́jìnmí wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ olọ́mọ fún. Ó yọ ọwọ́ kan lára agbọ̀n. Agbọ̀n fì, ìdàrọ́ ṣàn sílẹ̀ ṣìkììrì, ó bá ọmọkùnrin náà lẹ́sẹ̀, ó sì fọ́ mọ́ ẹsẹ̀ Balógun gan-an.

“Ti ìyá ìyá mi nìyẹn,” ni Àwẹ̀ró wí, ó ń kó o.

Ọdẹ́jìnmí di ẹsẹ̀ mú. Ìrora ni ó jẹ́ kí ó sọ ohun tí gbogbo wọn ti ń rò sínú láti òwúrọ̀. “Balógun, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣeé ṣe láti ru nǹkan yìí kí ènìyàn sì di idà mú, ẹ fi hàn wá.”

Òfin kejì nìyẹn. Balógun kò gbọdọ̀ rán ọmọ ogun níṣẹ́ tí òun kò lè jẹ́. Gbogbo ogun yíjú sí i, ojú wọn kò le, wọ́n kàn ń retí. Arógundádé, a-jí-fi-ogun-fọnu, ronú díẹ̀, ó sì ṣe ohun tí ọmọlúàbí yóò ṣe. Ó ní kí wọ́n gbé agbọ̀n tí ó tóbi jù wá. Ó ru ú. Ó rìn dé ibi tí ọ̀nà ti yípo, idà sì gbá a lórúnkún. Ó rìn síwájú díẹ̀, ó tún gbá a. Ó tú ìgbànú rẹ̀, ó sì na Má-bọ̀-lófo sí ẹni tí ó sún mọ́ ọn jù lọ. Àwẹ̀ró ni ẹni náà. Kì í ṣe èèṣì ni ó fi sún mọ́ ọn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n dé odò Ẹrẹ̀pupa, tí ó wà ní agbede méjì Òkè-Ayín àti Ògìdìmọ̀. Odò tí kì í yára, tí ẹrẹ̀ rẹ̀ pupa bí osùn, tí igi ayín tí ń ṣe èédú dáadáa pọ̀ ní bèbè rẹ̀, tí òkúta irin sì wà nílẹ̀ bí ẹni dà á síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó wo ìyẹn lọ́jọ́ náà. Arógundádé wọ odò, ogun rẹ̀ tẹ̀lé e. Omi mù wọ́n dé ìbàdí, ẹrẹ̀ sì gba ẹsẹ̀ wọn dé orúnkún. Nígbà tí ó dé àárín, ó gbọ́ pé ìró ẹsẹ̀ ti dínkù. Ó rọra yíra padà, gbogbo ara lápapọ̀, nítorí agbọ̀n. Àwọn ará Òkè-Ayín dúró sórí ilẹ̀ gbígbẹ, ọ̀kọ̀ lọ́wọ́, idà lọ́wọ́, ọkùnrin àti obìnrin. Àwẹ̀ró dúró níwájú wọn.

“Ìyá, ẹ máa bọ̀ ńlẹ̀!” Arógundádé alára kò mọ ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ìyá.

Àwẹ̀ró kò mira.

Arógundádé wo ọwọ́ ara rẹ̀, méjèèjì wà lórí agbọ̀n. Ó wo ọwọ́ àwọn ọmọ ogun rẹ̀. “Idà mi dà?”

“Ó wà lọ́wọ́ mi.”

“Ẹ gbé e wá.”

“Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Balógun?”

Àwọn òpìtàn fẹnu kò pé kò tíì sí ẹni tí ó bi Arógundádé ní ìbéèrè yẹn rí láti ìgbà tí ó ti wà láyé. Àwẹ̀ró sì sọ̀rọ̀, lọ́tẹ̀ yìí kò dúró kí ọkọ rẹ̀ sọ nǹkan sí òun létí.

“Balógun, ọmọ mi wà ní ìsàlẹ̀ odò. Irin tí ẹ ní kí n wá ṣan, òun lẹ fẹ́ fi pa á. Mi ò lè ṣan án. Mo lè gbé idà yìí fún yín, àwọn ènìyàn mi sì lè gbé èyí tó wà lọ́wọ́ wọn fún àwọn ọmọ ogun yín, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe fún mi. Ṣé kí ẹ fi pa wá? Ta ni yóò wá yọ́ irin? Ṣé kí ẹ fi lé wa dé Ògìdìmọ̀? Ẹ ó sọ ìdàrọ́ sílẹ̀ nìyẹn, bí a bá sì débẹ̀ a ò ní mọ ohun tí a ó ṣe. Àwa kò ní fi nǹkan ìjà yìí ṣe yín ní ibi. A kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lò. Ẹ wo bí bàbá ṣe di ọ̀kọ̀ mú.” Ògúnkànmí di ọ̀kọ̀ mú lóòótọ́ bí ọ̀pá tí wọ́n fi ń fa irin jáde, orí sísàlẹ̀. “Ilẹ̀ yìí dára. Òkúta wà níbẹ̀, igi wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ ẹ́ dó. Ẹ jẹ́ kí a sọ gbogbo nǹkan yìí di ọkọ́. Èyí tó bá fẹ́ lọ sílé nínú yín á mú ọkọ́ tirẹ̀ lọ. Èyí tó bá fẹ́ dúró, a ó fún un ní ilẹ̀ tí yóò fi ọkọ́ náà ro.”

Omi ń lọ lábẹ́ wọn. Gbogbo ogun ń wo Arógundádé, kò sì sí ọ̀kan tí ó lè sọ ẹrù rẹ̀, nítorí Balógun kò tíì ní kí wọ́n sọ̀ ọ́. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò mi ewé kankan.

“Ìyá,” ni ó wí, “ọrùn ń dùn mí.”

“Mo mọ̀,” ni Àwẹ̀ró wí. “Ẹ gòkè wá. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.”

Arógundádé gòkè, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ibi tí obìnrin náà tọ́ka sí. Ó yíjú sí ogun rẹ̀, ó ní, “Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.” Ariwo tí wọ́n pa lọ́jọ́ náà, àwọn abúlé tí ó jìnnà rò pé ìlú kan ni wọ́n kó. Wọ́n sọ̀ ọ́ síbi kan náà, agbọ̀n lórí agbọ̀n, títí tí òkìtì náà fi ga. Ìdí nìyẹn tí ìlú náà fi ń jẹ́ Sọ̀ọ́kalẹ̀, tí òkè dúdú tí ó wà láàárín rẹ̀ sì ń jẹ́ Òkè Agbọ̀n. Àjèjì máa ń rò pé Ọlọ́run ló dá òkè náà síbẹ̀. Wọn kì í jiyàn pẹ̀lú àjèjì.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn jagunjagun náà kò padà sílé. Ọdẹ́jìnmí fẹ́ ọmọ ilé ẹlẹ́wìrì. Arógundádé kò lè lọ dúró níwájú ọba Ògìdìmọ̀ kí ó máa sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ẹ̀rù ogun kọ́ ló ń bà á, ìtìjú ni. Àwọn ará Sọ̀ọ́kalẹ̀ fẹ́ fi Àwẹ̀ró jẹ ọba, ó kọ̀, ó ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn òun. Wọ́n wò yíká, wọ́n rí i pé Arógundádé nìkan ni kò mọ iṣẹ́ kankan láàárín ìlú, wọ́n sì fi òun jẹ ẹ́. Ó ṣe é dáadáa. Títí di òní, inú ìdílé rẹ̀ ni ọba ti ń wá.

Nípa ìléru àkọ́kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí wọn kì í sọ síta. Ìdùnnú pọ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn ọkùnrin rò pé àwọn obìnrin ti da ìdàrọ́ àtijọ́ sí i, àwọn obìnrin rò pé àwọn ọkùnrin ti dà á. Kò sí ẹni tí ó dà á. Irin sì jáde, ó jáde dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwẹ̀ró dúró tí irin náà fún ìgbà pípẹ́, ó wo Òkè Agbọ̀n, ó wo àwọn jagunjagun tí wọ́n ṣì ń fi omi gbígbóná jó ọrùn, ó sì ní kí gbogbo ẹni tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ lọ jẹun. Lọ́jọ́ kejì wọ́n da ìdàrọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ìṣe, wọn kò sì dẹ́kun mọ́.

Àwọn ọmọ Àwẹ̀ró wá láti ìsàlẹ̀ odò, ọmọ lẹ́yìn, wọ́n wá kí Ìyá Onírin. Idà Ògìdìmọ̀ ni wọ́n rí tí ó ti di ọkọ́, òun ni wọ́n sì kó relé.

Lónìí, Sọ̀ọ́kalẹ̀ ní ọ̀nà ọlọ́dà tí ó gba àárín rẹ̀ kọjá, ó ní ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn kan tí òrùlé rẹ̀ pé díẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò yọ́ òkúta mọ́, irin òkèèrè ti gba ọjà. Ṣùgbọ́n àwọn wẹ́dà pọ̀ níbẹ̀ débi pé ènìyàn lè jókòó sábẹ́ igi ayín kan kí ó sì rí ẹni tí yóò tún géètì, ọkọ̀ àti ẹ̀rọ gaàrí ṣe fún un kí ó tó mu omi tán. Ẹ̀yà ara tí wọ́n sì fi ń dá ọmọ ìlú náà mọ̀ ni ọrùn. Ọrùn wọn ki.

Bí ọba tuntun bá fẹ́ jẹ, ohun tí wọ́n ń ṣe rèé. Wọn yóò gbé agbọ̀n ìdàrọ́ rù ú ní bèbè odò. Obìnrin tí ó dàgbà jù ní ìdílé Àwẹ̀ró yóò gba idà oyè lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì tẹ̀lé e gun Òkè Agbọ̀n. Ní orí òkè, pẹ̀lú agbọ̀n lórí, ọba yóò béèrè idà rẹ̀, obìnrin náà yóò sì ní, “Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Kábíyèsí?” Kò sí ìdáhùn tí wọ́n kọ sílẹ̀. Oníkálukú ni yóò wá tirẹ̀, bí kò bá sì tẹ́ obìnrin náà lọ́rùn, agbọ̀n kò ní sọ̀.

Ọba tí ó wà lórí oyè báyìí, lọ́yà ni tẹ́lẹ̀, ó sì mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Ó ní òun fẹ́ fi idà náà dáàbò bo ìlú. Màmá Ìbídùnní, tí ó di idà mú lọ́jọ́ náà, jókòó sórí ìdàrọ́, ó sì tú ẹ̀pà tí ó so mọ́ etí aṣọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Kábíyèsí ní òun fẹ́ fi mú òfin ṣẹ. Màmá fẹ́ èèpo ẹ̀pà dànù. Ó ní òun fẹ́ fi gbé àṣà ga, fi mú ìdàgbàsókè wá, fi bọlá fún àwọn baba ńlá. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Àwọn àlejò pàtàkì tí ó wà nísàlẹ̀ ń wá ibi tí wọn yóò fara pamọ́ sí. Òógùn ń ro tó tó láti àgbọ̀n Kábíyèsí.

“Màmá,” ni ó wí níkẹyìn, ní ohùn kékeré, “mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀.”

Màmá Ìbídùnní gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára, ó dìde, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bá a sọ agbọ̀n náà kalẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni idà náà wà títí di bí mo ti ń kọ èyí. Inú àgbá ìyẹ̀fun rẹ̀ ni ó wà, ìlú sì ń tòrò.